Àwọn olówó tó ń náwó sórí eré ìdárayá fásitì ní Amẹ́ríkà: ìbéèrè àti ìdáhùn

Láti ìgbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti rí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ gbà nítorí eré sísá ní fásitì kan ní Amẹ́ríkà, fóònù mi kò sinmi mọ́. Àwọn òbí ń pè láti Ìjẹ̀bú, láti Ìbàdàn, kódà láti Houston. Kì í pẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó dé ìdí owó: ta ló ń san án, kí ló ń rò tó fi ń san án, ṣé ọmọ tiwa náà lè rí níbẹ̀? Mo kó ìdáhùn mi jọ síbí. N kò ní fi èrò tèmi pamọ́ nínú rẹ̀.

Ta gan-an ni àwọn tó ń kówó sílẹ̀ yìí?

Akẹ́kọ̀ọ́jáde ilé ẹ̀kọ́ náà ni ọ̀pọ̀ wọn, àwọn tó kàwé níbẹ̀ nígbà èwe, tí owó wá dé sí lọ́wọ́ lẹ́yìn náà. Ẹni méjì ni mo máa ń fi ṣe àpẹẹrẹ. Àkọ́kọ́ ni T. Boone Pickens, tó gboyè nínú ìmọ̀ ilẹ̀ àti òkúta ní 1951 ní ilé ẹ̀kọ́ tí a mọ̀ sí Oklahoma State lónìí. Epo rọ̀bì ló sọ ọ́ di olówó. Nígbà tí ọdún 2005 ń parí lọ, ó gbé mílíọ̀nù 165 dọ́là kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹ̀ka eré ìdárayá wọn. Títí di ìgbà náà, kò sí ẹni tó fún ẹ̀ka eré ìdárayá fásitì kankan ní irú owó bẹ́ẹ̀ rí. Ó kú ní 2019, ṣùgbọ́n orúkọ rẹ̀ ṣì ni pápá bọ́ọ̀lù wọn ń jẹ́ (bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sáré, ni mo ń sọ).

Ìkejì ni Phil Knight. Eléré ìje lòun fúnra rẹ̀ ní fásitì Oregon, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tó ń jẹ́ Bill Bowerman. Ní 1964, àwọn méjèèjì dá 500 dọ́là 500 dọ́là, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta bàtà eré ìje. Òwò yẹn ló padà di Nike.

Kí ẹ má rò pé kìkì irú àwọn méjì yìí ló wà níbẹ̀ o. Dókítà eyín inú ìlú kékeré, ẹni tó ń ta mọ́tò, lọ́yà, àgbẹ̀ tó ní ilẹ̀ púpọ̀: irú wọn ló ń dá ẹgbẹ̀rún díẹ̀ díẹ̀ lọ́dọọdún, àwọn ló sì pọ̀ jù.

Kí ló ń sún wọn ṣe é?

Ẹni tó bá ti wo Ojúde Ọba rí kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ rántí bí àwọn regbérégbé ṣe ń wọlé, ẹgbẹ́ kan tẹ̀ lé èkejì, aṣọ wọn bára mu, tí ẹni ọgọ́ta ọdún ń jó bí ọmọ ogún ọdún. Ohun tí mo rí nìyẹn lọ́jọ́ Sátidé tí mo tẹ̀ lé ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lọ wo bọ́ọ̀lù ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ kò tíì lù tí ibi ìgbọ́kọ̀sí ti kún. Wọ́n ṣí bọ́ọ̀tù ọkọ̀ sílẹ̀, wọ́n ń yan ẹran, èéfín gba gbogbo ibẹ̀. Bàbá àgbàlagbà kan fà mí lọ́wọ́, ó fi òrùka kan hàn mí lọ́wọ́ rẹ̀, òrùka ọdún tí ẹgbẹ́ wọn gba ife-ẹ̀yẹ. Ó ti lé ní ogójì ọdún. Ó dárúkọ àwọn tí wọ́n jọ gbá bọ́ọ̀lù náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ èyí tó ṣì wà àti èyí tó ti lọ. Nígbà tí a wọlé, ó mú mi lọ síbi àga rẹ̀. Wọ́n kan irin pẹlẹbẹ kékeré kan mọ́ ọn, orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú ló wà lára rẹ̀. Ó ní ọdọọdún lòun ń sanwó kí wọ́n má baà yọ irin yẹn.

Ìfẹ́ nìyẹn, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni fi ṣeré. Àmọ́ ire tiwọn náà wà ńbẹ̀. Ẹni tó bá dáwó ló ń rí àga gidi rà, òun ló ń rí ibi ìgbọ́kọ̀sí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, òun ni akọ́nimọ̀ọ́gbá ń bọ̀ lọ́wọ́. Tẹ́lẹ̀, ìjọba tún máa ń jẹ́ kí wọ́n yọ ìpín 80 nínú 100 owó tí wọ́n dá nítorí àga kúrò nínú owó tí wọ́n ń gba owó orí lé. Òfin tí wọ́n ṣe ní ìparí 2017 ló fòpin sí ìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé ìdáwó máa kú. Kò kú.

Kí ni wọ́n ń fi owó náà ṣe?

Wọ́n fi ń kọ́lé, wọ́n fi ń san owó akọ́nimọ̀ọ́gbá, wọ́n fi ń rán ọmọ nílé ìwé. Wọ́n tún fi ń lé akọ́nimọ̀ọ́gbá lọ, torí pé bí wọ́n bá lé e kí àdéhùn rẹ̀ tó pé, wọ́n gbọ́dọ̀ san èyí tó kù fún un. Ní 2023, Texas A&M lé Jimbo Fisher, akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù wọn, owó tó kù tí wọ́n jẹ ẹ́ sì ju mílíọ̀nù 75 dọ́là lọ. Nígbà tí mo gbọ́ iye yẹn, iye ọmọ tí ì bá fi kàwé ni mo kọ́kọ́ rò.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó dùn mọ́ mi jù. Hayward Field ni wọ́n ń pe pápá eré ìje Oregon, ní ìlú Eugene. Láti 1919 ló ti wà. Ní 2018 wọ́n wó o palẹ̀, wọ́n tún un kọ́, owó Phil Knight àti àwọn tó dáwó pẹ̀lú rẹ̀ ló sì ṣe iṣẹ́ náà. Ó parí ní 2020. Ọdún méjì lẹ́yìn rẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n ti ṣe ìdíje eré orí pápá àgbáyé, ìgbà àkọ́kọ́ tí yóò wáyé ní Amẹ́ríkà.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje 2022, Tóbi Amusan, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, dúró lórí pápá yẹn fún eré 100 mítà onídènà, èyí tí wọ́n ti ń fo igi mẹ́wàá. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá ni. Ìṣẹ́jú-àáyá 12.12 ló fi dé òpin. Láti ìgbà tí aráyé ti ń sá eré yìí, kò sí obìnrin tó yá tó bẹ́ẹ̀ rí, 12.20 ni èyí tó dára jù ṣáájú ìgbà náà, láti 2016. Nígbà tí wọ́n sá àṣekágbá lọ́jọ́ kan náà, ó lo 12.06, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ ti le jù lẹ́yìn wọn, wọn kò lè ka ìyẹn sí èyí tó dára jù láyé. Àmọ́ góòlù di tirẹ̀. Bí orin Nàìjíríà ṣe bẹ̀rẹ̀, omi bọ́ lójú ọmọbìnrin náà lórí pèpéle, ó sì bọ́ lójú èmi náà níwájú tẹlifíṣọ̀n.

Tóbi fúnra rẹ̀, ọmọ fásitì Amẹ́ríkà ni. El Paso ní Texas ló ti kẹ́kọ̀ọ́, ó sì borí gbogbo àwọn ọmọ fásitì yòókù nínú eré yìí ní 2017. Nígbà tí ẹnìkan bá sọ fún mi pé ìnákúnàá ni gbogbo owó yìí, èyí ni mo fi ń dá a lóhùn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé bí èèyàn bá ti sanwó, orúkọ rẹ̀ wà lára ilé náà títí láé nìyẹn?

Rárá. Ẹ wo ti fásitì Houston. Gbọ̀ngàn tí Hakeem Ọlájuwọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n nígbà tó dé láti Èkó ń jẹ́ Hofheinz Pavilion. Roy Hofheinz ló fún wọn ní mílíọ̀nù kan ààbọ̀ dọ́là ní 1969, ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ rẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta tí Ọlájuwọ́n fi gbá bọ́ọ̀lù fún wọn, láti 1982 dé 1984, ọdọọdún ni wọ́n bá àwọn mẹ́rin tó kẹ́yìn dé òpin ìdíje. Nígbà tí wọ́n fẹ́ tún gbọ̀ngàn náà kọ́, Tilman Fertitta, tó ti kàwé níbẹ̀ rí, gbé mílíọ̀nù 20 dọ́là sílẹ̀ ní 2016. Àwọn ọmọ ilé Hofheinz pe fásitì lẹ́jọ́: bàbá àwọn ló ni orúkọ yẹn. Wọ́n padà fẹnu kò. Fertitta Center ni wọ́n ń pè é láti 2018, wọ́n sì fi orúkọ Hofheinz sí ibòmíràn lágbègbè gbọ̀ngàn náà kí ó má baà parẹ́.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwa la máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, àdéhùn orí ìwé ni wọ́n ń wò. Ìdílé tó bá fẹ́ kí orúkọ pẹ́, kí wọ́n kọ iye ọdún síbẹ̀.

Ṣé owó náà kì í já sí òfo?

Ó máa ń já sí òfo dáadáa. Mílíọ̀nù 165 Pickens tí mo sọ lókè, kò pẹ́ nínú àpò ilé ẹ̀kọ́ rárá. Wọ́n dá a padà sínú ilé iṣẹ́ ìdókòwò tirẹ̀ kí ó lè pọ̀ sí i. Ó kọ́kọ́ pọ̀ sí i gan-an. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dojú dé ní 2008, èyí tó pọ̀ nínú èrè náà bá a lọ, iṣẹ́ ilé tí wọ́n fẹ́ kọ́ sì dúró.

Èyí tó tún ya ni lẹ́nu ju ìyẹn lọ ni ti ìbánigbófò. Ní 2007, ilé ẹ̀kọ́ kan náà ra ìbánigbófò ẹ̀mí lé àwọn àgbàlagbà tó lé ní 25 lórí, àwọn alátìlẹ́yìn wọn tó ti tó ọmọ ọdún 65, ó kéré tán. Mílíọ̀nù 10 dọ́là ni wọn yóò gbà lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan tó bá kú. Àwọn àgbàlagbà náà mọ̀ sí i, tìfẹ́tìfẹ́ ni wọ́n fi fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n Ọlọ́run dá wọn sí. Ilé ẹ̀kọ́ ń sanwó, ẹnikẹ́ni ò kú, nígbà tó sì máa fi di 2009, mílíọ̀nù 33 ti lọ. Wọ́n pa ètò náà tì, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ kò dá wọn láre. Èmi ò fẹ́ kí wọ́n tún gbé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ dá níbikíbi. Ọ̀rọ̀ eré kò yẹ kó sọ ikú àgbàlagbà di èrè.

Ṣé ẹni tó sanwó lè máa pàṣẹ fún ilé ẹ̀kọ́?

Wọn kì í fẹ́ pè é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń fúnni ló ń lékè. Ní 2000, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Oregon fẹ̀hónú hàn nítorí àwọn òṣìṣẹ́ tó ń rán aṣọ tí orúkọ fásitì wà lára rẹ̀ ní òkè òkun. Fásitì wá wọ ẹgbẹ́ kan tó ń ṣọ́ bí wọ́n ṣe ń lo àwọn òṣìṣẹ́ náà. Inú bí Knight, ó ní òun kò ní fún wọn lówó mọ́, mílíọ̀nù 30 tó fẹ́ fi mú pápá bọ́ọ̀lù gbòòrò sì dúró. Nígbà tó yá, fásitì kúrò nínú ẹgbẹ́ náà, owó náà tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Mo fẹ́ràn ohun tí Knight ṣe fún eré ìje, mo sì gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yẹn jàre.

Ti SMU, fásitì kan ní Dallas, burú ju ìyẹn lọ. Àwọn alátìlẹ́yìn wọn ń fún àwọn agbábọ́ọ̀lù lówó ní kọ̀rọ̀, nígbà tí òfin NCAA, àjọ tó ń darí eré fásitì, kò gbà á. Ọmọ 13 ni wọ́n rí tó gba nǹkan bí 61,000 dọ́là láàárín 1985 sí 1986. Kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n mú wọn, torí náà àjọ náà fagi lé bọ́ọ̀lù wọn fún gbogbo 1987, ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ sì fagi lé ti 1988. Bill Clements, gómìnà Texas, jẹ́wọ́ pé òun mọ̀ nípa owó náà, pé àwọn jọ fẹnu kò pé kí wọ́n máa san án lọ, nígbà tí òun wà lórí ìgbìmọ̀ ilé ẹ̀kọ́ náà. Ó tó ogún ọdún kí ẹgbẹ́ náà tó lè gbérí padà.

Ní 2023, SMU yìí kan náà gbà láti wọ inú ACC, ẹgbẹ́ àwọn fásitì tó ń bára wọn díje, láìgba ìpín nínú owó tí tẹlifíṣọ̀n ń san fún ẹgbẹ́ náà fún ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn olówó wọn ló ní kò séwu, wọ́n sì dá mílíọ̀nù 100 dọ́là láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣé owó tí wọ́n torí rẹ̀ fìyà jẹ SMU ni wọ́n wá ń san ní gbangba báyìí?

Bẹ́ẹ̀ ni, ó súnmọ́ bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje 2021 ni NCAA ti gbà kí eléré ìdárayá máa gba owó lórí orúkọ àti àwòrán rẹ̀. Kíá ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde dá ẹgbẹ́ adáwójọ sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan. Àjọ tí a ń dá lọ́jà ló jọ, àfi pé agbábọ́ọ̀lù ló ń kó o. Ní Texas Tech, Cody Campbell, tó gbá bọ́ọ̀lù fún wọn rí kó tó di olówó epo, wà lára àwọn tó dá tiwọn sílẹ̀.

Ní oṣù Kẹfà 2025, adájọ́ fọwọ́ sí ìpinnu kan tó jẹ́ kí fásitì fúnra rẹ̀ máa san owó fún eléré. Nǹkan bí mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ni òkè tí ilé ẹ̀kọ́ kan lè san dé lọ́dún àkọ́kọ́. Owó tí alátìlẹ́yìn bá fẹ́ fún ọmọ, tó bá ti ju 600 dọ́là lọ, ó gbọ́dọ̀ kọjá lọ́dọ̀ àwọn tó ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá iṣẹ́ gidi ló wà nídìí rẹ̀.

Mo gbà pé ó tọ́ kí wọ́n sanwó fún ọmọ. Ọdún pípẹ́ ni gbogbo èèyàn jẹ nínú òógùn wọn àfi àwọn.

Ọmọ mi wá láti Nàìjíríà pẹ̀lú fisa F-1. Ṣé ó lè gba owó orúkọ àti àwòrán yìí?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Òfin NCAA ló yí padà, òfin fisa kò yí. Ẹni tó wà lórí F-1, fisa akẹ́kọ̀ọ́, kò gbọ́dọ̀ ṣiṣẹ́ owó lọ́nà tí àwọn aṣọ́bodè kò gbà láyè. Kí ó dúró níwájú kámẹ́rà polówó ọjà ní Amẹ́ríkà kí wọ́n sì sanwó fún un, wọ́n lè kà á sí iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kò sí nínú ìyẹn, òun kò ní wàhálà. Ṣùgbọ́n bí alátìlẹ́yìn kan bá gbé ìwé àdéhùn wá, bó ti wù kó rẹ́rìn-ín tó, kí ọmọ má fọwọ́ sí i. Kí ó kọ́kọ́ gbé e lọ sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òkè òkun, kí ẹ sì wá lọ́yà tó mọ ọ̀rọ̀ fisa. Owó ọ̀sẹ̀ kan lè di ìpadà-sílé.

Àwọn eré tí kò ní olówó lẹ́yìn ńkọ́?

Ibí ni ọkàn mi wà. Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà àti bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n ló ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú mílíọ̀nù 20.5 yẹn. Àwọn ọmọ tiwa tó ń ti Nàìjíríà lọ, eré ìje ni ọ̀pọ̀ wọn ń bá lọ.

Tẹ́lẹ̀, ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 12.6 péré ni ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan lè fún gbogbo ọkùnrin eléré ìje rẹ̀, 18 fún obìnrin. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ fún òbí pé ìdajì tàbí ìdámẹ́ta owó ni ọmọ yóò rí. Ní báyìí, ilé ẹ̀kọ́ tó bá wọ inú ìlànà tuntun ti 2025 yẹn kò lè ní ju ọmọ 45 lọ nínú ẹgbẹ́ eré ìje, ṣùgbọ́n ó lè fún gbogbo wọn ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó pé. Ó lè fún wọn o. Ta ni yóò san án? Bí akẹ́kọ̀ọ́jáde kan tó sáré níbẹ̀ rí bá dìde, ó ṣeé ṣe. Bí kò bá sí, ìdajì náà ni wọn yóò máa fún ọmọ.

Stanford fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ní oṣù Keje 2020, wọ́n kéde pé àwọn máa pa 11 tì nínú eré 36 tí wọ́n ń ṣe. Ìjàkadì wà lára rẹ̀. Ní oṣù Kẹta 2021, oníjàkadì wọn kan, Shane Griffith, lọ sí ìdíje gbogbo fásitì nínú aṣọ dúdú tí kò ní orúkọ ilé ẹ̀kọ́ kankan lára, ó sì da gbogbo àwọn tó wà ní ìwọ̀n tirẹ̀ délẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde eré mọ́kànlá náà ti kóra jọ, wọ́n ń dáwó, wọ́n ń kọ̀wé. Ní oṣù Karùn-ún, ilé ẹ̀kọ́ yí ohùn padà, gbogbo eré náà wà síbẹ̀.

Bí olówó bá ní eré ọkùnrin nìkan lòun fẹ́ fún lówó ńkọ́?

Ó lè sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin Title IX ti 1972 kò jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ fi ìyẹn ṣe àwáwí. Bí owó rẹ̀ bá mú kí ìtọ́jú àwọn ọkùnrin ga ju ti obìnrin lọ, ilé ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ wá ibi tí yóò ti mú ti obìnrin dọ́gba.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá kan ti pè wá. Kí ni ká bi í?

Ẹ bi í bóyá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà pé tàbí kò pé, àti bóyá ọdún kan ni tàbí ọdún mẹ́rin. Ẹ bi í ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ sí i bí ọmọ bá ṣèèṣì farapa. Lẹ́yìn náà, ẹ bi í níbi tí owó náà ti ń wá. Owó kan wà tí wọ́n ń pè ní endowment: wọn kì í fọwọ́ kan ojú owó, èlé orí rẹ̀ ni wọ́n ń ná. Èyí tó bá ti inú irú rẹ̀ wá fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń dá lọ́dọọdún lọ. Kò ní bínú pé ẹ béèrè. Èyí tó bá bínú, ẹ kíyè sí i.

Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yìn ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i la ti rí i: ọkùnrin kan tó sá eré 800 mítà fún ilé ẹ̀kọ́ náà nígbà èwe rẹ̀ ló fi owó náà sílẹ̀. Ọdọọdún ni ọmọ tó bá ń jẹ́ àǹfààní rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ lẹ́tà ìdúpẹ́ sí i. Èyí tó kọ́kọ́ kọ kò ju ìlà mẹ́ta lọ, "ẹ ṣé fún ìtìlẹ́yìn yín" ló kún inú rẹ̀. Mo ní kí ó tún un kọ. Ó wá kọ nípa ìyá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní ọjà Òkè-Àjẹ, nípa bàtà eré tí òun àti ọ̀rẹ́ òun jọ ń pín wọ̀ ní ilé ìwé girama, ọ̀kan sáré tán kí èkejì tó wọ̀ ọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, èsì dé, ìkọ̀wé ọwọ́ àgbàlagbà tó ń gbọ̀n, pẹ̀lú fọ́tò kékeré kan tí kò ní àwọ̀: ọmọkùnrin kan tó tẹ́ẹ́rẹ́, orí eruku pápá ló wà, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀. Lẹ́yìn fọ́tò náà, ó kọ iye ìṣẹ́jú tó fi sáré náà. Ó wà lára ògiri yàrá ọmọ náà títí di òní, lókè ibi tó ń kó bàtà rẹ̀ sí.